Àgùàlà Kì í Ṣe Ajá Òṣùpá: Ojú Sánmà Bá A Ṣe Ń Rí I Láti Òṣogbo

Àwọn àgbà ní Àgùàlà ń bá oṣù rìn, wọ́n ṣe bí ajá rẹ̀ ni, Àgùàlà kì í ṣe ajá òṣùpá. Mo fẹ́ràn òwe yìí gan-an, torí ẹni tó kọ́kọ́ pa á ti ní láti wo ojú sánmà dáadáa, kì í sì í ṣe lálẹ́ ọjọ́ kan péré. Tí oṣù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, nígbà míì ẹ máa rí ìràwọ̀ ńlá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ níbi tí oòrùn wọ̀ sí, ó mọ́lẹ̀ ju gbogbo ìràwọ̀ tó kù lọ, ó mọ́lẹ̀ débi pé àwọn míì á ní iná bàálù ni. Tó bá di alẹ́ ọjọ́ kejì tẹ́ ẹ tún wòkè, òṣùpá ti fi í sílẹ̀, ó ti gòkè lọ, ìràwọ̀ yẹn ṣì wà níbi tẹ́ ẹ fi í sí. Ajá wo ló ń bá olówó ẹ̀ rìn báyẹn? Ohun tí àwọn àgbà rí nìyẹn tí wọ́n fi pòwe.

Àgùàlà yìí náà ni àwọn olóyìnbó ń pè ní Venus, kì í sì í ṣe ìràwọ̀ rárá, ayé kan lọ́tọ̀ ni, plánẹ́ẹ̀tì ni bí ilẹ̀ tá a tẹ̀ yìí. Téèyàn bá wọ̀n ọ́n láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, ó jẹ́ kìlómítà 12,104, tiwa jẹ́ 12,756, ẹ rí i pé wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Òṣùpá tá a ń wò bí ọ̀gá ẹ̀, 3,474 péré ni tiẹ̀. Òṣùpá kàn súnmọ́ wa ni, kìlómítà 384,400 ló wà sí wa, nígbà tó jẹ́ pé Àgùàlà, lọ́jọ́ tó bá súnmọ́ wa jù lọ, ṣì tún wà ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 40 kìlómítà.

Ohun kan ló ti ń dùn mí lọ́kàn tipẹ́ tí mo fi jókòó kọ eléyìí. Àwọn ọmọ wa ń há orúkọ plánẹ́ẹ̀tì sórí nílé ìwé, Mercury, Venus, Earth, Mars, wọ́n á kà á tán láìmí, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀ nínú ìdánwò, wọ́n á gba máàkì, kò sì sẹ́ni tó mú wọn jáde síta lálẹ́ ọjọ́ kan kó nàka sí ẹyọ kan pé òun nìyí. Bẹ́ẹ̀ márùn-ún nínú wọn ni èèyàn lè fi ojú lásán rí, kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Òṣogbo wa yìí gan-an sì wà lára ibi tó dáa láti ti wò wọ́n.

Ìdí tó fi dáa ni ibi tá a bọ́ sí lórí máàpù. A ò jìnnà sí ikwétọ̀, ìlà tó pín ayé sí àríwá àti gúúsù, nǹkan bíi dígírì 7.8 la fi wà ní àríwá ẹ̀. Oòrùn, òṣùpá àti gbogbo plánẹ́ẹ̀tì, ojú ọ̀nà kan náà ni wọ́n jọ ń tọ̀ lójú sánmà, ojú ọ̀nà yẹn sì ń gba òkè orí wa tàbí tòsí ẹ̀ kọjá. Ẹni tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ìgbà míì wà tí wọ́n á máa rìn nísàlẹ̀ fún un tí ilé àti igi á gba ojú ẹ̀, àwa ká sáà ti gbójú sókè ni. Ìràwọ̀ méje tí wọ́n fi ń wá àríwá, à ń rí i. Ìràwọ̀ mẹ́rin tó dà bí àgbélébùú ní gúúsù, èyí tí wọ́n yà sórí àsíá Ọsirélíà, à ń rí òun náà lálẹ́ láàárín oṣù kẹrin sí ìkarùn-ún, kò kàn ga púpọ̀ ni. Ará Lọ́ńdọ̀nù ò lè rí ìyẹn láéláé àfi tó bá rìnrìn àjò. Èyí tó ṣòro fún wa ni ìràwọ̀ àríwá fúnra ẹ̀, ó wà nísàlẹ̀ pátápátá lọ́dọ̀ wa, òrùlé ilé aládùúgbò ti tó láti bò ó mọ́lẹ̀.

Ẹ má dúró sí Ọláìyá tàbí Òkè-Fìà kẹ́ ẹ máa wá ìràwọ̀ o, iná ṣọ́ọ̀bù àti iná mọ́tò ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ rí nǹkan gidi. Ẹ wọ inú àdúgbò lọ, kí NEPA mú iná, kí àwọn tó ní jẹnẹrétọ̀ má tíì tan tiwọn, ẹ wá fún ojú yín ní bí ogún ìṣẹ́jú kí òkùnkùn mọ́ ọn lára, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má tẹ fóònù láàárín ìgbà yẹn torí ẹ̀ẹ̀kan tẹ́ ẹ bá wo fóònù ẹ ti bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àsìkò tó dáa jù lójú tèmi ni ìgbà tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, bí oṣù kẹwàá wọ ìkọkànlá, òjò ti fọ afẹ́fẹ́ mọ́ nígbà yẹn, ọyẹ́ ò sì tíì dé. Tí ọyẹ́ bá fi lè dé, eruku tí atẹ́gùn ń gbé bọ̀ láti apá Bodélé ní Chad á bo gbogbo ẹ̀.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní JSS1 bi mí ní nǹkan kan lálẹ́ ọjọ́ kan tá a jókòó síta torí ooru. Ó ní, "Àǹtí, kí ló dé tí èyí ò ṣẹ́jú? Gbogbo àwọn tó kù ló ń ṣẹ́jú." Plánẹ́ẹ̀tì Júpítà ló ń nàka sí. Màmá onílé wa tí wọ́n ń gbọ́ wa láti ẹnu ọ̀nà rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ọmọ yìí lójú o. Ìwọ náà dá a lóhùn jàre." Inú mi dùn gan-an, torí ohun tí ọmọ yẹn fi ojú ara ẹ̀ rí nìyẹn, olùkọ́ ò sọ ọ́ fún un, òun sì ni ọ̀nà tó rọrùn jù téèyàn fi lè dá plánẹ́ẹ̀tì mọ̀. Ìràwọ̀ jìnnà débi pé, bó ti wù kó tóbi tó, ẹyọ ìmọ́lẹ̀ bíńtín ló ń dé ọ̀dọ̀ wa, afẹ́fẹ́ tó wà lókè wa á máa tì í síbí tì í sọ́hùn-ún, ìyẹn ló ń jẹ́ kó dà bí ẹni pé ó ń ṣẹ́jú. Plánẹ́ẹ̀tì súnmọ́ wa jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó ní fífẹ̀ díẹ̀, afẹ́fẹ́ tó bá da apá kan ẹ̀ láàmú, apá kejì ṣì ń mọ́lẹ̀ bó ṣe yẹ, torí ẹ̀ ló ṣe ń dúró jẹ́ẹ́. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ń lo bí ìṣẹ́jú 8 kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, ti Júpítà ń lo nǹkan bí ìṣẹ́jú 35 sí 52, ó dọwọ́ ibi tó bá wà. Ti ìràwọ̀ tó súnmọ́ wa jù lẹ́yìn oòrùn, ọdún 4 àti díẹ̀ ló ń lò lójú ọ̀nà.

Ká padà sọ́dọ̀ Àgùàlà, torí òun ni ọ̀rọ̀ ẹ̀ pọ̀ jù. Ẹ ò ní rí i lójú sánmà ní aago méjìlá òru láé lọ́dọ̀ wa níbí. Tẹ́ ẹ bá rí ìmọ́lẹ̀ ńlá kan lákòókò yẹn, ó lè jẹ́ Júpítà, ó lè jẹ́ Máàsì, ó lè jẹ́ ìràwọ̀ Sirius, kì í ṣe Àgùàlà. Ọ̀nà tó ń tọ̀ yí oòrùn ká wà nínú tiwa, ó súnmọ́ oòrùn jù wá lọ, nítorí náà tá a bá ń wò ó láti ibí kò lè fi oòrùn sílẹ̀ kọjá nǹkan bíi dígírì 47. Yálà kó tẹ̀ lé oòrùn wọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ tàbí kó ṣáájú oòrùn yọ ní ìdájí. Á ṣe ti ìrọ̀lẹ́ fún oṣù bíi mélòó kan, a ò ní rí i mọ́, á tún yọ ní ìdájí, gbogbo ìyípo yẹn jẹ́ ọjọ́ 584.

Ibi tó rẹwà tó báyẹn láti òkèèrè, kò sẹ́ni tó lè gbé ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan. Ooru ojú ilẹ̀ ẹ̀ tó dígírì 465, òjé á yọ́ níbẹ̀. Mercury ló súnmọ́ oòrùn jù, àmọ́ Àgùàlà gbóná jù ú lọ, ìdí ẹ̀ sì ni afẹ́fẹ́ tó wé mọ́ ọn: ìdá 96 nínú 100 ẹ̀ jẹ́ carbon dioxide, gáàsì kan náà tó ń jáde látinú ẹnjìnnì mọ́tò àti jẹnẹrétọ̀ wa. Gáàsì yẹn ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ oòrùn wọlé, kì í jẹ́ kí ooru jáde. Ìkùukùu tó bò ó, ásíìdì ni, irú èyí tí wọ́n ń dà sínú bátìrì mọ́tò, ìkùukùu yẹn ló sì ń dá ìmọ́lẹ̀ oòrùn padà tó fi ń tàn lójú wa tó bẹ́ẹ̀. Afẹ́fẹ́ ẹ̀ wúwo tó nǹkan bí ìlọ́po 92 tiwa. Àwọn ará Soviet rán ọkọ̀ lọ síbẹ̀ léraléra, Venera 7 ló kọ́kọ́ gúnlẹ̀ tó sì ránṣẹ́ padà, lọ́dún 1970, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ohun tí ọmọ aráyé ṣe máa ránṣẹ́ láti ojú ilẹ̀ plánẹ́ẹ̀tì mìíràn. Nígbà tó di 1982, Venera 13 ya fọ́tò aláwọ̀ níbẹ̀, ó lo ìṣẹ́jú 127 kí ooru tó pa á. Tí wọ́n bá ń sọ fún wa pé èéfín ń mú ayé gbóná, tí àwọn kan ní ọ̀rọ̀ òyìnbó lásán ni, èmi máa ń nàka sí Àgùàlà ni. Ó wà lókè níbẹ̀ fún gbogbo wa láti rí ohun tí gáàsì yẹn lè sọ ayé kan dà tó bá pọ̀ lápọ̀jù.

Máàsì ńkọ́? Òun ni èyí tó pọ́n díẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń gba àwọn ọ̀nà tí wọn ò tíì da ọ̀dà sí láyìíká Òṣogbo yìí lásìkò òjò, ẹrẹ̀ pupa tó ń lẹ̀ mọ́ yín ní bàtà, irin tó wà nínú ilẹ̀ tó ti dípẹtà ló sọ ọ́ di pupa. Ohun tó sọ Máàsì di pupa náà nìyẹn. Ibẹ̀ ni òkè tó ga jù lọ tá a mọ̀ lórí plánẹ́ẹ̀tì kankan wà, Olympus Mons, ó ga tó nǹkan bíi kìlómítà 22, Everest tiwa ò pé 9.

Èyí tó yẹ kí gbogbo ọmọ Nàìjíríà mọ̀ ni pé Máàsì ti wá sí Nàìjíríà rí. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹwàá ọdún 1962, ní Zagami ní agbègbè Katsina, òkúta kan já láti ojú sánmà bọ́ sínú oko àgbàdo, nǹkan bíi mítà mẹ́ta péré sí àgbẹ̀ tó wà lóko, ó gbẹ́ kòtò sínú ilẹ̀. Kìlógírámù 18 ni. Nígbà tó yá, àwọn onísáyẹ́ǹsì yẹ gáàsì tó há sínú àwọn òkúta irú ẹ̀ wò, wọ́n rí i pé ó bá afẹ́fẹ́ Máàsì mu, èyí tí àwọn ọkọ̀ Viking tí Amẹ́ríkà rán lọ ti wọ̀n níbẹ̀ ní 1976. Ohun ńlá kan ló ti kọ lu Máàsì láyé àtijọ́, tó fọ́n àwọn òkúta sókè débi pé wọn ò padà sílẹ̀ mọ́, ọ̀kan nínú wọn rìn títí tó fi bọ́ sóko àgbẹ̀ ní Katsina. Wọ́n ti pín in káàkiri báyìí, apá kan ẹ̀ wà ní mùsíọ́ọ̀mù nílùú òyìnbó. Àwọn ọmọ wa mọ Armstrong tó gun òṣùpá ní 1969, ó dáa bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ Zagami náà.

Tẹ́ ẹ bá mọ ẹni tó ní bàìnókúlà, kódà èyí tí kò lágbára púpọ̀, ẹ yá a lọ́wọ́ ẹ̀, kẹ́ ẹ gbé ìgbọ̀nwọ́ lé fẹ́ǹsì kí ọwọ́ yín má gbọ̀n, kẹ́ ẹ wo Júpítà. Ẹ máa rí àwọn ìmọ́lẹ̀ kéékèèké tó tò sórí ìlà kan lápá ọ̀tún àti apá òsì ẹ̀, ó lè jẹ́ mẹ́rin, ó lè jẹ́ mẹ́ta tí ọ̀kan bá wà lẹ́yìn ẹ̀. Òṣùpá Júpítà ni wọ́n. Tẹ́ ẹ bá padà lálẹ́ ọjọ́ kejì wọ́n á ti pààrọ̀ ibi tí wọ́n wà. Ohun tí Galileo, onímọ̀ ìràwọ̀ ará Ítálì, rí ní oṣù kìíní ọdún 1610 nìyẹn, ó ń yà á sínú ìwé lálaalẹ́ títí tó fi dá a lójú pé Júpítà ni wọ́n ń yí po. Ayé ìgbà yẹn gbà pé ayé wa yìí ni gbogbo nǹkan ń yí po o, ìmọ́lẹ̀ kékeré mẹ́rin ló wá jẹ́rìí pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, Ganymede, tóbi ju plánẹ́ẹ̀tì Mercury lọ.

Saturn nílò tẹ́lískóòpù kẹ́ ẹ tó rí òrùka ẹ̀, ojú lásán á kàn rí ìmọ́lẹ̀ kan tó rí bí àwọ̀ ìpara díẹ̀. Òun ló ní òṣùpá jù, wọ́n ti ka 274 nígbà tó fi máa di oṣù kẹta 2025. Mercury máa ń sá pamọ́ sínú ìmọ́lẹ̀ oòrùn, ó gba sùúrù. Uranus àti Neptune, tẹ́lískóòpù ni wọ́n fi rí wọn, 1781 àti 1846. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ́ mẹ́sàn-án nílé ìwé bíi tèmi, mẹ́jọ ni wọ́n ń kà báyìí, ọdún 2006 ni àjọ àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ lágbàáyé yọ Pluto kúrò nínú ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká sọ ti òṣùpá náà díẹ̀. Nínú àwọn ìwé àwòrán tí wọ́n ń kó wá láti òkè òkun, oṣù tuntun máa ń dúró lórí ìnàró. Lọ́dọ̀ wa níbí ó máa ń dùbúlẹ̀ bí ọkọ̀ ojú omi ni lọ́pọ̀ ìgbà, etí méjèèjì á kọjú sókè, torí pé oòrùn ń wọ̀ lọ́dọ̀ wa tààrà sísàlẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ sì ń bá òṣùpá láti abẹ́. Àwọn tó ń wá oṣù Ràmàdáánì mọ̀ ọ́n dáadáa. Láti oṣù kan sí èkejì jẹ́ ọjọ́ 29 àti ààbọ̀, méjìlá ẹ̀ jẹ́ 354, ìyẹn ló fi jẹ́ pé ààwẹ̀ ń fi bí ọjọ́ 11 yára dé lọ́dọọdún, lónìí ó bọ́ sínú ọyẹ́, lọ́la ó bọ́ sínú òjò.

Ní ọjọ́ Àìkú 7 oṣù kẹsàn-án 2025, òṣùpá yọ ní Òṣogbo ní pípọ́n. Àwọn kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi vóísì nóòtì ránṣẹ́ lórí WhatsApp pé òpin ayé dé, àwọn míì ní kí a máa gbàdúrà, àdúrà ò burú, àmọ́ ọjọ́ yẹn ti wà nínú kàlẹ́ńdà àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ láti ọdún pípẹ́. Ayé wa ló bọ́ sáàárín oòrùn àti òṣùpá. Òjìji wa bo òṣùpá, ìmọ́lẹ̀ tó ṣì ráyè dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni èyí tó gba inú afẹ́fẹ́ ayé wa kọjá, afẹ́fẹ́ sì ń fọ́n àwọ̀ búlúù dànù, á ku pupa. Tẹ́ ẹ bá rò ó dáadáa, ìmọ́lẹ̀ gbogbo ibi tí oòrùn ti ń yọ àti ibi tó ti ń wọ̀ láyé ní ìṣẹ́jú yẹn ló wà lára òṣùpá. Ní 2 oṣù kẹjọ 2027 òṣùpá ni yóò bo oòrùn, ojú ọ̀sán á ṣókùnkùn fún ohun tó ju ìṣẹ́jú mẹ́fà lọ ní Luxor ní Íjíbítì, ẹni tó bá lówó ọkọ̀ kó bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú ẹ̀ látìsinsìnyí. Ohun kan ni o, ẹ má fi ojú lásán wo oòrùn, ẹ má fi gíláàsì dúdú lásán wò ó, ó ń fọ́ ojú.

Ó ku ìbéèrè kan tí mo fẹ́ràn láti máa bi àwọn èèyàn: ìgbà wo nínú ọdún ni ayé súnmọ́ oòrùn jù? Gbogbo èèyàn á ní oṣù kẹta, ìgbà tí ooru ń pa wá. Rárá, ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kìíní ni, àárín ọyẹ́ gan-an, nígbà tá à ń da súwẹ́tà bò láàárọ̀, tí ètè ń bó. Nígbà yẹn a wà ní mílíọ̀nù 147 kìlómítà sí oòrùn, tó bá di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù keje a ti lọ sí mílíọ̀nù 152. Bí ayé ṣe dagun sí ẹ̀gbẹ́ kan ló ń fa òtútù àti ooru, kì í ṣe sísúnmọ́ tàbí jíjìnnà.

Torí pé ayé dagun báyẹn, oòrùn máa ń lọ sókè sódò láàárín ọdún, ẹ̀ẹ̀mejì ló sì máa ń kàtàrí gan-an ní Òṣogbo, ní ọjọ́ 9 tàbí 10 oṣù kẹrin, àti ní ọjọ́ 2 tàbí 3 oṣù kẹsàn-án. Ti oṣù kẹsàn-án, òjò kì í sábà gbà fún wa. Ti oṣù kẹrin ni kẹ́ ẹ mú. Ẹ gbé ìgò sí ibi tó tẹ́jú ní ọ̀sán, kì í ṣe aago méjìlá géérégé o, nǹkan bíi 12:42 ni ọ̀sán gangan wa níbí torí ibi tá a wà sí ààgo Nàìjíríà. Òjìji ìgò yẹn á wọ abẹ́ ẹ̀ lọ, ẹ ò ní rí i mọ́. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni Eratosthenes, ọ̀mọ̀wé Gíríìkì kan, lò ní Íjíbítì ní ohun tó ju ẹgbẹ̀rún méjì ọdún sẹ́yìn láti fi mọ bí ayé ṣe tóbi tó, òjìji ò sí ní Syene, ó wà ní Alexandria lọ́jọ́ kan náà, ó fi ìyàtọ̀ yẹn ṣe ìṣirò.

Àwa náà lè ṣe é. Ẹ̀yin ará wa tẹ́ ẹ wà ní Kano, tẹ́ ẹ bá ń ka eléyìí, ní ọjọ́ kan náà yẹn, ní nǹkan bíi 12:27, ẹ gbé igi mítà kan dúró ṣánṣán kẹ́ ẹ wọn òjìji ẹ̀. Ó yẹ kó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó sẹ̀ntímítà méje àti ààbọ̀, ìyẹn jẹ́ nǹkan bíi dígírì 4.2. Kano fi bíi kìlómítà 470 wà lókè Òṣogbo ní àríwá. Ẹ fi 4.2 pín 360, ẹ fi èsì ẹ̀ sọ 470 di púpọ̀, ẹ máa rí nǹkan tó súnmọ́ 40,000 kìlómítà, òun náà ni àyíká ayé. Ẹni tó bá ṣe tán láti bá mi ṣe é, kó ránṣẹ́ sí mi kí oṣù kẹta tó parí, kí n lè bá olùkọ́ sáyẹ́ǹsì àwọn ọmọ àdúgbò wa sọ̀rọ̀, igi àti tépù nìkan la nílò.